Wọ́n fẹ́ tún ètò ọmọ wẹ́wẹ́ tò ní sẹ́ńtà wa ní Iléṣà: báwo ni àwa òbí ṣe máa dá sí i kí ọ̀rọ̀ wa lè wọlé?

IyaAyo_Isokun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi.

Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa fẹ́ tún bí ètò ọmọ wẹ́wẹ́ ṣe ń lọ ní sẹ́ńtà ìlera àdúgbò wa tò: ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwọ̀n ọmọ, ìwé ìbí, àti ibi tí ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ti lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mátíróònù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n wọn ọmọ mi tán, ó ní kí n wá àwọn òbí tí yóò bá wọn jókòó. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ti wà nínú ìpàdé tí wọ́n pe àwa òbí sí rí. Wọ́n ti tẹ ìpinnu sórí ìwé kí a tó dé, wọ́n kà á sí wa létí, wọ́n ní kí a pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Mi ò fẹ́ pe ìyá ọlọ́mọ kúrò nídìí ọjà rẹ̀ ní Àtàkúnmọ̀sà nítorí irú èyí.

Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà. Kí la máa béèrè kí a tó gbà? Àwọn wo ló yẹ ká pè? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n fi ohun tí a sọ ṣe nǹkan?

Omo_Iloro

Ìyá Àyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ pe àwa bàbá náà. Ọ̀kadà ni mò ń gùn, èmi ni mo máa ń gbé ìyàwó mi àti ọmọ lọ sí sẹ́ńtà láàárọ̀. Bí a bá dé ibẹ̀, bẹ́ǹṣì wà fún ìyá, ẹnikẹ́ni kì í bi bàbá ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ara ọmọ bá gbóná lóru, èmi ni wọ́n máa wò lójú pé ṣé ká lọ àbí ká dúró dilẹ̀ mọ́. Bàbá tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí ọmọ padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá kò ní rí ìdí tó fi máa pa iṣẹ́ òòjọ́ tì.

Ẹ má sì fi ìpàdé sí aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló máa wá.

Akowe_Wodu

Ẹ̀yin òbí, mo kí yín. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù kan nílùú yìí, kì í ṣe ti Ìyá Àyọ̀. Mo fẹ́ sọ tiwa náà, kó má baà dà bíi pé ńṣe là ń lé àwọn òbí sẹ́yìn. A máa ń pè wọ́n, wọn kì í wá. A ó lu agogo káàkiri àdúgbò, àwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn ti bímọ ló máa kún ibẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ kò ní sí láàárín wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ rèé. Òfin ètò ìlera ti 2014 ló dá àpò owó tí wọ́n ń pè ní Basic Health Care Provision Fund sílẹ̀. Ó ní owó tí ìjọba àpapọ̀ máa fi sínú rẹ̀ lọ́dọọdún kò gbọdọ̀ dín sí ìdá kan nínú 100 owó tó ń wọ àpò ìjọba náà. Apá kan níbẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ńtà tó wà lórí ètò yẹn. Sẹ́ńtà kò kàn lè ná an bó ṣe wù ú. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ẹni tó ń darí sẹ́ńtà àti ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù máa jókòó kọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ná an sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni kí òbí wà níbẹ̀. Ẹ lè ṣe ìpàdé ńlá lábẹ́ kánópì, kí ẹ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí wọ́n bá ti kọ ìwé ìnáwó tán, bẹ́ǹṣì tí ẹ̀ ń béèrè di ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta míì.

IyaAyo_Isokun

Ẹ ṣeun gan-an, sà. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ṣé òbí lásán lè wọ ibẹ̀?

Akowe_Wodu

Gbogbo ará wọ́ọ̀dù ló ni ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí alága, ẹ ní ẹ fẹ́ kí òbí tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Ẹ fún mátíróònù ní ẹ̀dà kan. Ẹ má kàn sọ ọ́ lẹ́nu.

Tisa_Imo

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tísà náà. Láti 2005 ni wọ́n ti pàṣẹ láti Àbújá pé kí gbogbo ilé ìwé ìjọba ní SBMC, ìgbìmọ̀ tí òbí, tísà, akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbààgbà àdúgbò á ti jọ máa bójú tó ilé ìwé. Ó yàtọ̀ sí PTA. Lórí ìwé, kò sí àléébù níbẹ̀. Ohun tí mò ń rí ni pé ìgbà tí a bá fẹ́ tún òrùlé ṣe la máa ń rántí òbí. Òbí tó wá lẹ́ẹ̀kan, tí a dá owó lé lórí, kí ló máa mú un padà wá?

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun wa nígbà tí ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá da àwọn ilé ìwé pọ̀, tí wọ́n pín wọn sí elementary, middle àti high, tí wọ́n sì sọ yunifọ́ọ̀mù di ọ̀kan. Mi ò sọ pé kò sí ohun rere níbẹ̀, ilé ìwé ńláńlá tí wọ́n kọ́ ṣì wà tí a ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan, àwọn ìjọ tó dá ilé ìwé sílẹ̀ àti àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ kò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 2020, ìjọba Oyètọ́lá dá a padà sí 6-3-3-4, àwọn ilé ìwé sì gba orúkọ àti yunifọ́ọ̀mù wọn padà. Òbí ló ra yunifọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Òbí náà ló ra èkejì. Ẹni tó máa san owó nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè.

Nosi_Feyinti

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ìdí ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun méjì ni mo ní í sọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ẹ ń kó sínú ọ̀rá yẹn, ọwọ́ àwọn ìyá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò. Ní 1956 ni dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà níbí. Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń kú lọ rẹpẹtẹ láyé ìgbà náà: measles, ìgbẹ́ gbuuru, àìjẹun-re-kánú. Ó dá kílíníìkì sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe káàdì kan tó ní ìlà, tí wọ́n ń fi àmì sí lára bí ọmọ bá ṣe ń wọ̀n sí i lóṣooṣù. Kò kó káàdì náà pamọ́ sílé ìwòsàn. Ó fà á lé ìyá lọ́wọ́ pé kó máa gbé e lọ sílé. Ẹni tó gbọ́ ọ nígbà náà á ní àwọn ìyá máa sọ ọ́ nù. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ju bí ilé ìwòsàn ṣe ń tọ́jú fáìlì lọ. Láti ibẹ̀ ni káàdì yẹn ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé.

Ìyá tí kò mọ̀wé kà lè rí i pé ìlà ọmọ òun ń gòkè tàbí ó ti dúró lójú kan. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá ló máa ń kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí i hàn mí: “Sísítà, ẹ wò ó, kò gòkè lóṣù yìí.” Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òbí kò lè lóye ètò ìlera, ẹ sọ fún un pé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọwọ́ òbí ni wọ́n fi ìwé ìlera ọmọ sí, ó sì yọrí sí rere.

Èkejì ni ohun tí nọ́ọ̀sì kì í sọ fún ìyá. BCG, ìyẹn abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a ń gún sápá òsì ọmọ tuntun, ìgò kan rẹ̀ tó ọmọ 20. Ìgò measles tó ọmọ 10. Ìyẹ̀fun ló wà nínú wọn, a máa fi omi rẹ̀ pò ó ni. Bí a bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́fà, ìyókù máa dìdànù. Bí ọmọ méjì péré bá wá fún measles, nọ́ọ̀sì á rò ó pé bí òun bá ṣí ìgò fún méjì, ti ọmọ mẹ́jọ á ṣòfò, wọ́n á sì bi òun. Ló bá ní, “Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ìyá tó wọkọ̀ wá láti oko kò mọ̀ nípa ìgò kankan. Ó gbà pé wọ́n kàn fi òun wọ́lẹ̀ ni. Kò ní padà wá mọ́. Nọ́ọ̀sì náà á ní ìyá yẹn kò ka ọmọ rẹ̀ sí. Ẹnì kan kò mọ ohun tó ń ṣe ẹnì kejì, ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ má lọ sí ìpàdé yẹn láti lọ sọ pé “ẹ yí ọjọ́ padà” nìkan. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń dá ìyá padà.

IyaAyo_Isokun

Mọ̀ọ́mì! Wọ́n ti dá èmi náà padà rí pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn, kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ìgò fún mi. Ká ní wọ́n sọ ọ́, mi ò bá ti wá ọmọ oṣù mẹ́sàn-án míì ládùúgbò kí a jọ lọ. Kí wá ni ká ṣe sí i?

Nosi_Feyinti

Ohun tí o sọ yẹn gan-an ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gba àwọn òṣìṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n má dá ọmọ padà nítorí ìgò, pàápàá ní ti measles, nítorí ọmọ tó bá kó àrùn náà burú ju oògùn tó ṣòfò lọ. Ṣùgbọ́n kí oògùn má baà tán níbi tí kò ti pọ̀, ẹ lè jọ fi ọjọ́ kan sí i fún BCG àti measles, kí gbogbo ìyá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára káàdì. Ẹni tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ míì, kí wọ́n ṣí i fún un.

Nosi_Odo

Ẹ ṣeun, Mọ̀ọ́mì, tí ẹ gbà wá sílẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà lọ́wọ́lọ́wọ́, ní Ifẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má wá sípàdé bí ọlọ́pàá. Àwa tó wà nídìí tábìlì kò pọ̀. Orúkọ ọmọ kan náà la máa kọ sínú oríṣiríṣi ìwé kí ìyá tó dìde, lẹ́yìn náà ni ọmọ tó kàn. Nígbà tó bá di ọ̀sán, ohùn wa á ti le, a ó sì máa jágbe mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ wá. Kò dára, mo mọ̀. Bí àwọn òbí bá lè bá wa sọ fún àwọn ọ̀gá lókè pé kí wọ́n dín ìwé yẹn kù, wọ́n máa gbọ́ tiyín ju tiwa lọ.

Omo_Iloro

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Èyí ni mi ò mọ̀. Mo rò pé ẹ kàn ń kọ̀wé láti fi àkókò ṣòfò ni.

Iya_Lagere

Ifẹ̀ ni èmi náà. Ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, inú mi sì dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ le nìkan lẹ ń sọ. Ní ilé ìwòsàn kan tí a ti lọ, ọmọ ń ké nítorí egungun tó ń dùn ún, wọ́n ní kí n lọ gba káàdì. Mo gba káàdì, wọ́n ní kí n lọ sanwó. Tábìlì kọ̀ọ̀kan tí a bá dé, màá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ṣì ń ké. Kò sí ẹni burúkú kan níbẹ̀. Ẹni tó to àwọn tábìlì yẹn kò gbé ọmọ tí ìrora mú dé ibẹ̀ rí ni.

Ìyá Àyọ̀, bí o bá fẹ́ wá òbí, má mú àwọn tó máa ń tètè dé nìkan, tàbí àwọn tó mọ alága. Wá ìyá tó ní ọmọ aláìsàn, ìyá tó ń dá tọ́mọ, bàbá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ. Kí o sì wá ẹni tí kò wá sẹ́ńtà mọ́. Òun gan-an ló mọ ibi tí ètò náà ti bàjẹ́.

OmoIjesa_Texas

Mo kí gbogbo ilé. Ibi tí mo wà ní Amẹ́ríkà níbí, ètò kan wà fún àwọn ọmọ kékeré tí òbí wọn kò lówó, Head Start lorúkọ rẹ̀. 1965 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́, oúnjẹ, eyín, àyẹ̀wò ojú, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí ọmọ mi wọ ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Policy Council. Àṣẹ ìjọba ni pé àwọn òbí tí ọmọ wọn wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọn kì í kàn gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ náà máa ń dìbò lórí ìṣúná owó, ó sì máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Òbí tí kò lówó lọ́wọ́ lè gba owó ọkọ̀ àti owó ẹni tó bá a mójú tó ọmọ, kí àìlówó má baà dí i lọ́wọ́ láti wá.

Mo ti bá wọn jókòó níbẹ̀. Ìyá kan tó ń fọ ilé fún àwọn èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó béèrè ìdí tí bọ́ọ̀sì fi ń gba òpópónà kan tí kò sí ọmọ kankan. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i padà.

Akowe_Wodu

Ará Texas, ẹ kú àìgbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà lówó o. Owó ọkọ̀ fún òbí? Owó abẹ́rẹ́ àti owó jẹnẹrétọ̀ la ṣì ń wá.

OmoIjesa_Texas

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbò kò gba owó. Bí òbí méjì bá wà níbi tí ẹ ti ń kọ ìwé ìnáwó, tí àṣẹ sì wà pé wọn ò ní gba ìwé náà wọlé láìjẹ́ pé àwọn òbí yẹn fọwọ́ sí i, náírà mélòó nìyẹn?

Akowe_Wodu

Mi ò ní èsì sí ìyẹn. Màá gbé e lọ síwájú àwọn tèmi.

Tisa_Imo

Ní ti owó ọkọ̀, ẹ ṣe ìpàdé ládùúgbò tí wọ́n ń gbé, kì í ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kíláàsì ilé ìwé ṣófo. Mo lè bá yín gba kọ́kọ́rọ́.

IyaAyo_Isokun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ṣe bí Iya_Lagere ṣe wí. Mátíróònù yọ̀ǹda fún mi pé kí n lọ bá àwọn ìyá tí kò wá mọ́, a sì jọ lọ wá wọn nílé, èmi àti Omo_Iloro, lórí ọ̀kadà rẹ̀. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ oko ní kì í ṣe ọ̀nà ló dí òun lọ́wọ́. Ó pẹ́ kó tó padà wá lẹ́ẹ̀kan nítorí oko, wọ́n sì bú u níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní òun kò lè tún gbé ojú yẹn lọ síbẹ̀. Òmíràn ní ìyá ọkọ òun ló ní abẹ́rẹ́ ti tó. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó dárúkọ ọjọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbìmọ̀ ti múra tán láti yí ọjọ́ padà nítorí ọjà!

Nígbà tí gbogbo wọn jókòó, mo ní kí mátíróònù fi ìgò han àwọn òbí. Ó gbé èyí tó ṣófo kalẹ̀, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pò ó àti wákàtí mẹ́fà yẹn. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Bàbá kan wá béèrè pé, “Ṣé nítorí èyí lẹ ṣe ń lé wa?” Láti ìgbà yẹn, ìpàdé yí padà. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ tiwọn, àwọn òbí ń sọ tiwọn. A fi ọjọ́ méjì lóṣù sí i fún BCG àti measles, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà sẹ́ńtà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá tọ̀nà oko wá lọ́jọ́ míì, wọn ò ní dá a padà. Ní ti èébú, àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló ní kí ẹni tó bá pẹ́ kó tó wá máa wọlé bá mátíróònù tààrà, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ ní gbangba.

Ìwé ìbí: ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Ìgbìmọ̀ máa bẹ àwọn tó ń kọ ọ́ kí wọ́n wá jókòó sí sẹ́ńtà ní ọjọ́ méjèèjì yẹn. Ọ̀rọ̀ ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò tíì yanjú. Àwọn ìyá ní àwọn kò lè sọ ọ́ níbi tí bẹ́ǹṣì kún, yàrá kan ni wọ́n fẹ́, yàrá kò sì sí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé ìnáwó tó ń bọ̀. Alága ti gba lẹ́tà wa, ó fọwọ́ sí i pé ìyá méjì àti bàbá kan máa wà níbẹ̀. Ti pé kí àwọn òbí fọwọ́ sí ìwé náà kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kò tíì gbà. A ò ní jáwọ́ níbẹ̀.

Nosi_Odo

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ìgò yẹn han ọ̀gá mi. Ó ní kí àwa náà gbìyànjú rẹ̀.

Akowe_Wodu

Ẹ bá mi ya fọ́tò lẹ́tà yẹn, kí ẹ pa orúkọ àwọn èèyàn rẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni tiwa.

Iya_Lagere

Ìyá Àyọ̀, ṣé ẹnikẹ́ni wá láàárín àwọn tó ní ọmọ aláìsàn?

IyaAyo_Isokun

Ẹnì kan ṣoṣo, mà. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, kò sì dúró dópin nítorí ọmọ. Nítorí tirẹ̀ la ṣe ní kí ìyá àgbà méjì máa bá wa mójú tó àwọn ọmọ ní kíláàsì kejì nígbà ìpàdé. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù la tún máa pàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá lè wọkọ̀ wá láti Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa sọ ti àwọn tábìlì yẹn fún mátíróònù. Omo_Iloro á wá gbé yín ní gáréèjì.